Kí Àjẹsára Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ewúrẹ́ Odígbó

Ẹni tó bá ti sun Ore mọ́jú rí á mọ̀ pé ìlú náà kì í sùn. Ọkọ̀ tó kúrò l'Ékòó lálẹ́ tó ń lọ Ìbìní, Onitsha tàbí Port Harcourt, ibẹ̀ ni yóò ti dúró kí èrò lè jẹun. Èyí tó ń ti Àkúrẹ́ àti Oǹdó sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó, oríta Ore yẹn kan náà ni yóò ti yà. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo àárín àwọn ọkọ̀ náà, á rí àwọn èrò mìíràn: màlúù tí wọ́n kó dúró fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ sínú tírélà láti òkè Ọya, ewúrẹ́ tí wọ́n dì mọ́ orí bọ́ọ̀sì, adìyẹ tó ti yé ẹyin títí tó ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n kó sínú kéèjì oníke tí wọ́n sì tò léra wọn. Awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á jẹ iyán, á mumi. Ìyẹ́ á fò bọ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ á kán sí títì, itọ́ ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ lórí ọkọ̀ á ta sára ewúrẹ́ ará Ore tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa ṣí, àrùn ti sọ̀kalẹ̀, kò sì ní bá wọn lọ mọ́.

Oríta tó mú kí àwọn ọmọ ogun Biafra fẹsẹ̀ kan Ore nígbà ogun abẹ́lé ní 1967, òun náà ló ń mú àrùn ẹran ọ̀sìn dé ibẹ̀ lónìí. Ore ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kòkó, rọ́bà àti ọ̀pẹ ni ayé mọ agbègbè náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ wọ agboolé èyíkéyìí láti Odígbó dé Ajué, ẹ ó bá ewúrẹ́ méjì-mẹ́ta àti adìyẹ mẹ́wàá-méjìlá níbẹ̀. Báńkì obìnrin nìyẹn. Owó ìwé ọmọ wà níbẹ̀, owó ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, owó aṣọ ọdún wà níbẹ̀.

Ìyá mi ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n ń bí ìbejì bí ẹni ń ṣeré. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ó ra òbúkọ kan lọ́jà fún ọdún Kérésì, ó so ó mọ́ àárín àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kẹrin òbúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ikun dídì di imú rẹ̀, ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, egbò sọ sínú ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Àwọn aládùúgbò wò ó, wọ́n ní kata ni. A fún un ní epo pupa, a fún un ní àgbo, a tú kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò sínú omi a fi rọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Ìyá mi tú okùn ọrùn wọn, ó ká a, ó fi há àjà. Kò sin ewúrẹ́ mọ́ títí di òní.

Orúkọ ọjà ni kata, láti inú èdè àmúlùmálà tó ń pe ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ ti Faransé, peste des petits ruminants, tí gbogbo ayé gé kúrú sí PPR. Ó jẹ́ ti Faransé nítorí pé Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1942. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Agbo ẹran tí kò bá pàdé rẹ̀ rí, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí gan-an ni kì í lè gbà á mọ́ra: ara rẹ̀ le sí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ju ti ẹran òkè Ọya lọ, ṣùgbọ́n bí kata bá dé, òun ni ó ń kọ́kọ́ kú.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀, tí wọn kò sì fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ní 1975, wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kata lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò, wọ́n ń yọ ọ́ láti ìgò kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó lé ní ọgọ́ta ìgbà, títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ, tí kò lè pa ẹran mọ́ ṣùgbọ́n tí ara ẹran ṣì dá a mọ̀. Ní 1989 ni àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní ilẹ̀ Faransé, lọ́wọ́ Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí àjẹsára náà ń jẹ́ káàkiri ayé títí di òní ni Nigeria 75/1. Òun ni Mòrókò fi dá àrùn náà dúró nígbà tó wọ ibẹ̀ ní 2008. Òun ni Ṣáínà ń lò. Abẹ́rẹ́ kan péré, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọjọ́ ayé ewúrẹ́ tí a ń sìn fún títà. Àjọ oúnjẹ àgbáyé FAO àti àjọ tó ń rí sí ìlera ẹranko ní àgbáyé péjọ sí Abidjan ní 2015, wọ́n ní kí kata dópin láyé ní 2030. Ohun tí wọn yóò fi ṣe é ni abẹ́rẹ́ tó ti ara ewúrẹ́ Nàìjíríà jáde.

Ewúrẹ́ ìyá mi kò rí i gbà. Ó dùn mí nígbà yẹn láìmọ ìdí, ó tún wá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo mọ ìdí.

Mo fi ọ̀rọ̀ kata ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ àjẹsára mRNA ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé idán tuntun kan ń bọ̀ tí yóò fò kọjá ohun tó dí ọ̀nà fún ti àtijọ́. Ìmọ̀ náà ga, ó sì wúlò fún wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó jẹ́.

Láyé àwọn bàbá wa, bí ọba bá fẹ́ bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ìránṣẹ́ mọ ohun tó ń gbé, àrokò ni yóò di: owó ẹyọ, ìyẹ́, èèpo igi, a ó fi ewé tàbí aṣọ wé e. Ìránṣẹ́ á gbé e dé, ẹni tí a rán an sí á tú u, á mọ ìtumọ̀ rẹ̀, á ṣe ohun tí àrokò ní kó ṣe. Ìránṣẹ́ kò ní gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, DNA dà bí ìwé ńlá ìdílé tó wà ní yàrá inú, tí kì í jáde. Bí ara bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, wọ́n á ṣe àdàkọ ojú ewé kan péré láti inú ìwé náà, wọ́n á rán an jáde sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Àdàkọ yẹn ni mRNA. Wọ́n á kà á, wọ́n á ṣe iṣẹ́, wọ́n á sì fà á ya. Wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwọn tó ṣe àjẹsára mRNA ronú báyìí pé: bí a bá lè kọ àrokò tiwa, tí a sì rán an wọ inú sẹ́ẹ̀lì láti ìta, a lè ní kí sẹ́ẹ̀lì ṣe fìlà tí fáírọ́ọ̀sì ń dé, kó má ṣe fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bí àwọn ọlọ́dẹ inú ara bá rí fìlà náà, wọ́n á mọ̀ pé ti àjèjì ni, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Lọ́jọ́ tí olè gan-an bá dé fìlà yẹn wọlé, wọn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í ní orúkọ. Ìṣòro méjì ló dí wọn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ara kì í gba àrokò àjèjì, ńṣe ni yóò gbéjà kò ó kó tó dé ibi tó ń lọ. Katalin Karikó àti Drew Weissman ní Yunifásítì Pennsylvania fi hàn ní 2005 pé bí a bá pààrọ̀ lẹ́tà kan nínú rẹ̀, ara á jẹ́ kó kọjá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2023. Ìṣòro kejì ni pé mRNA ẹlẹgẹ́ ni, ó tètè ń fà ya, nítorí náà wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-tìn-ìn-tín wé e bí a ṣe ń fi ewé wé ẹ̀kọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ ti gba irú àjẹsára tó sún mọ́ èyí kí ènìyàn tó gbà á. Ní 2013, àrùn ìgbẹ́ gbuuru kan tí wọ́n ń pè ní PED wọ Amẹ́ríkà, ó sì pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ames, ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí ń jẹ́ Harrisvaccines, kò dúró de ìgbà tí wọn yóò máa sọ fáírọ́ọ̀sì náà láti ìgò dé ìgò. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ fìlà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí RNA, wọ́n fi èèpo fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí kò lè pọ̀ sí i mọ́ gbé e wọlé. Nínú oṣù kẹfà 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀. Ọdún kan ó lé díẹ̀ ni láti ìgbà tí àrùn dé. Merck ra ilé iṣẹ́ náà ní 2015, ó sì ti ń lo ọgbọ́n kan náà fún ajá àti ológbò. Ọdún 2020 ni ti Pfizer àti Moderna tó wá fún COVID-19. Nàìjíríà gba nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ìwọ̀n Moderna lọ́wọ́ Amẹ́ríkà nínú oṣù kẹjọ 2021, kò sì sí àní-àní pé ẹlòmíràn tó ń ka ìwé yìí ní Ore ti gbà á sí apá. Àrokò yẹn ti jíṣẹ́, ó ti lọ tipẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ti pẹ́pẹ́yẹ Faransé. A mọ lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ wa, ṣùgbọ́n àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu tún burú jù ú. Lákòókò 2021 sí 2022, ó bẹ́ sílẹ̀ ní oko tó lé ní 1,300 ní Faransé, wọ́n sì pa ẹyẹ tó lé ní mílíọ̀nù 20. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba wọn ní kí wọ́n máa fún gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń sìn fún títà ní àjẹsára. Méjì ni wọ́n lò. Ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́ díẹ̀, láti ọwọ́ Boehringer Ingelheim. Èkejì, ti ilé iṣẹ́ Ceva, jẹ́ RNA tó ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Lákòókò tó tẹ̀ lé e, oko 10 péré ni àrùn náà ti jáde. N kò ní fi gbogbo ògo náà fún RNA, nítorí pé àjẹsára Boehringer náà ṣiṣẹ́, ìmọ́tótó oko náà sì dára sí i, ṣùgbọ́n ó ti hàn pé a lè fi àrokò yìí ṣọ́ ẹran ọ̀sìn lórí ilẹ̀ odidi orílẹ̀-èdè kan.

Èyí tó ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún tálákà. Nínú àrokò náà, wọ́n kọ ìlànà kan mọ́ ọn tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó ṣe àdàkọ àrokò fúnra rẹ̀ kí ó tó ṣe fìlà. Nítorí náà ìwọ̀n tín-ín-tín á tó. Ènìyàn lè san owó gọbọi fún abẹ́rẹ́ tó máa gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ adìyẹ kò gbọ́dọ̀ wọ́n tó ìdámẹ́wàá adìyẹ. Ibi tí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ọlọ́sìn á padà sí orí àgbo.

Kí ni Odígbó fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ jẹ́ ká padà sí lùkúlùkú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Newcastle. Ní ìparí 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Àjẹsára tí gbogbo ọlọ́sìn mọ̀ sí LaSota, tí wọ́n ń pò sínú omi mímu, láti ara fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì kì í dúró sójú kan. Àwọn ẹ̀yà Newcastle tó ń káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lónìí ti yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà àtijọ́ yẹn, àwọn onímọ̀ sì pín wọn sí ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ pátápátá. LaSota ṣì ń gba adìyẹ lọ́wọ́ ikú bí a bá lò ó dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò wúlò. Àmọ́ adìyẹ tó gbà á ṣì lè gbé fáírọ́ọ̀sì tuntun sára, kó sì máa tú u síta fún adìyẹ aládùúgbò. Ìlànà mRNA lè mú àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tó pa adìyẹ ní ọjà Ore lóṣù tó kọjá, kí ó kọ fìlà rẹ̀ gan-an sórí àrokò. Kò nílò ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti fi tọ́ fáírọ́ọ̀sì, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì ààyè tó lè sá kúrò nínú ilé iṣẹ́. Nǹkan mìíràn tún ni pé nítorí pé fìlà nìkan ni ara rí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹran tó gba àjẹsára àti èyí tí àrùn mú. Ìyẹn ló ń mú kí orílẹ̀-èdè mìíràn gbà láti ra ẹran lọ́wọ́ ẹni. Àìsí ìgbẹ́kẹ̀lé lórí irú ìyàtọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà dí ọ̀nà mọ́ adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ Faransé bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àjẹsára ní 2023.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni kò tíì yọ. Àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African swine fever gba ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1997, ó sì ba Òkè-Àró ní ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ní 2020 débi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn fi pàdánù ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ tóbi, ó ní jíìnì tó lé ní 150, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí fìlà wo ni kí wọ́n kọ sórí àrokò. Vietnam ti ń lo àjẹsára kan tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì ààyè. Ẹni tó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Odígbó, ògiri rẹ̀, bàtà oko rẹ̀ àti omi apakòkòrò tó fi ń fọ̀ ọ́ ni àjẹsára tirẹ̀ fún ìgbà yìí.

Mo ti ń gbọ́ ọ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé bí wọ́n bá fún màlúù ní mRNA, ẹni tó bá jẹ ẹran rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà láìmọ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán. Èmi kò fi irú ẹ̀rù yẹn ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tó ń bẹ̀rù ohun tó fẹ́ jẹ kò ṣẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Nínú àwọn àjẹsára ẹran tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹranko ti orílẹ̀-èdè wa ní Vom ń ṣe, kò sí ọ̀kankan tó jẹ́ mRNA. Bó bá tilẹ̀ wà, gbogbo ẹran, gbogbo ewébẹ̀, gbogbo iṣu tí a ń jẹ láti ọjọ́ tí a ti dáyé ló kún fún mRNA tirẹ̀, nítorí pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí kò ní in. Itọ́ ẹnu wa ń fà á ya, oje inú ikùn ń fà á ya, ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná kò sì ní jẹ́ kó kù rárá. Ewu tó yẹ kí a bẹ̀rù nínú ẹran tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà ni ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tí wọ́n yára dúńbú. Ní Suleja, ní 2023, àrùn tí wọ́n ń pè ní anthrax pa ẹran, ìjọba sì kéde rẹ̀. Irú ẹran yẹn ni kí ẹ sá fún. Bird flu kan náà tó wọ Áfíríkà láti oko kan ní Jaji, ní Kaduna, nínú oṣù kejì 2006, pa ènìyàn kan ní Èkó nínú oṣù kìíní 2007. Àjẹsára tí adìyẹ bá gbà ń dáàbò bo ẹni tó ń tú ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà tí Nàìjíríà ń tẹ̀ lé lórí bird flu ni kí wọ́n pa adìyẹ, kì í ṣe kí wọ́n fún un ní àjẹsára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù wá kù. Òtútù ni.

Mo sin adìyẹ àádọ́ta nígbà kan sí ẹ̀yìn ilé. Mo ra LaSota ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n fi yìnyín ṣóńṣó kan sínú ọ̀rá dúdú fún mi, mo wọ ọ̀kadà. Kí n tó délé yìnyín ti di omi, ìgò náà sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bù ú sínú omi ẹ̀rọ tó ń rùn fún kílórínì, mo gbé e fún wọn ní ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn oṣù kan lùkúlùkú wọlé: ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn lílọ́, méjìdínlógójì kú nínú wọn. Mo bú àjẹsára náà. Ìgbà tí mo bi dókítà ẹranko kan léèrè ni mo mọ̀ pé èmi ni mo pa á kí ó tó dé ẹnu adìyẹ. Ó kọ́ mi pé kí n gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí méjì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí n lo omi kànga tí kò ní kílórínì, kí n pò wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn, kí n sì rí i pé wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Kí n gbé kúlà lọ sí ọjà fúnra mi. N kò gbàgbé mọ́.

LaSota nìyẹn o, tó ń gbé inú fìríìjì lásán. Àjẹsára Pfizer tó kọ́kọ́ jáde ń fẹ́ òtútù ìwọ̀n 70 sísàlẹ̀ òdo, ti Moderna ń fẹ́ 20 sísàlẹ̀ òdo. Ta ni yóò gbé ìyẹn dé abúlé lẹ́yìn Ajué, níbi tí iná mànàmáná kì í ti dúró pẹ́ tó kí fìríìjì ìyá oníkóòkì lè tutù? Àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú láti gbẹ mRNA bí ìyẹ̀fun kí ó lè gbé ìta. Títí ìyẹn yóò fi dé orí igbá ọjà, àjẹsára tó dára jù lọ láyé lè kú sínú àpótí rẹ̀ ní Ore.

Ìtàn kan ń fún mi ní ìrètí lórí èyí. Ní nǹkan bí 1890, àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest gba gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, ó sì gba màlúù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní débi tí ọ̀pọ̀ fi ya wèrè nínú igbó. Nítorí àrùn yìí ni wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ Vom sílẹ̀ ní 1924. Àjẹsára dáadáa ti wà fún un láti nǹkan bí 1960, láti ọwọ́ Walter Plowright ní Kẹ́ńyà, síbẹ̀ àrùn náà tún padà wá ní Nàìjíríà ní 1983, ó pa màlúù tó lé ní ìlàjì mílíọ̀nù. Àjẹsára wà, kò dé ọ̀dọ̀ màlúù ni. Ní nǹkan bí 1990, Jeffrey Mariner ṣe irú rẹ̀ tó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí yìnyín. Àwọn darandaran tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà gbé e sí àpò, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ní 2011, ayé kéde pé rinderpest ti tán. Àrùn méjì péré ni ọmọ ènìyàn ti pa run ní gbogbo ìtàn rẹ̀, ìgbóná àti èyí. Oògùn tó lè rin ìrìn ẹsẹ̀ ló parí èkejì.

Irú ọgbọ́n yẹn ti wà fún lùkúlùkú. Peter Spradbrow ní Ọsirélíà ṣe àjẹsára I-2, tó lè fara da ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n sì ń kán ẹ̀kán kan sí ojú adìyẹ. Vom ti ń ṣe é. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri agboolé ni wọ́n ṣe é fún, ó sì yẹ kó wà ní gbogbo ọjà tó wà láàárín Ore sí Oǹdó.

Nípa mRNA, ọ̀nà ti là díẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé gbé ibùdó ìmọ̀ mRNA kalẹ̀ ní Cape Town ní 2021, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Afrigen, nínú oṣù kejì 2022 ni wọ́n sì kéde pé Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó máa kọ́kọ́ gba ìmọ̀ náà ní Áfíríkà. Ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má fi Vom sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ń kọ àrokò fún ènìyàn ni yóò kọ ti adìyẹ, ọwọ́ tó mọ ọ̀kan mọ èkejì. A ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, a ní àwọn olùkọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́. Láti oṣù keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó dá dúró fún ẹran ọ̀sìn nìkan. Bí wọ́n bá ní kí a máa ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní oríta Ore, kí a máa kó o jọ lọ́dọọdún, ìyẹn nìkan á ti sọ wá di ẹni tó ń kọ àrokò tirẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó tún fún ayé ní fáírọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí a ti fún wọn ní 1975, a ó sì máa tọrọ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ dúró de ìyẹn. Kata kò dúró: ní oṣù keje 2024, ó dé Gíríìsì àti Romania, níbi tí kò dé rí. Ọyẹ́ ń bọ̀, òbúkọ ọdún ń bọ̀. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó pé kí wọ́n fi fìríìjì oníná oòrùn kan sí Ore fún àjẹsára ẹran nìkan, kí wọ́n sì fún dókítà ẹranko ní ọkọ̀ tó máa gbé e dé abúlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ewúrẹ́ méjì-mẹ́ta, tí ìgò àjẹsára tóbi jù fún, ẹ kó ara yín jọ láàárín àdúgbò, kí ẹ dá owó, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ọyẹ́ tó mú. Bí ẹ bá ra òbúkọ tuntun, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílé. Ẹ bi dókítà léèrè Nigeria 75/1. Abẹ́rẹ́ kan ni, ọdún mẹ́ta ni agbára rẹ̀.